Ẹ̀sùn lórí owó àgbàtọ́ pẹ́ńgúìnì tí àwọn ọmọ kíláàsì mi san

Lágere,
Ilé-Ifẹ̀.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níhìn-ín. Ọwọ́ yín ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ti gba ìwé àgbàtọ́ pẹ́ńgúìnì ilẹ̀ Áfíríkà, ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa sì bí mi nínú gidigidi.

A kò retí pé ẹ ó gbé ẹyẹ wá sí Ifẹ̀. A mọ̀ pé orúkọ lásán ni àgbàtọ́ náà, pé ìtọ́jú gbogbo wọn ni owó ń bá lọ. Mo ti ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó dá owó. Àwọn mìíràn fi owó gúgúrú wọn sílẹ̀ nítorí ẹ̀.

Sátífíkéètì dé, pẹ́ńgúìnì ńlá ọlọ́rùn yẹ́lò ló wà lórí ẹ̀, ó dúró sórí yìnyín. Ẹ wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ilé rẹ̀ ń yọ́. Ọmọ kan na ọwọ́ sókè: "Tíṣà, ṣé yìnyín wà létí òkun South Africa ni?" Kò sí o! Etíkun àti erékùṣù South Africa àti Nàmíbíà ni tiwa ń gbé, nínú oòrùn, awọ pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà lókè ojú rẹ̀ ló sì fi ń tú ooru ara dànù. Àìrí ẹja sadíìnì jẹ ló ń pa á. Ọkọ̀ apẹja ń kó ẹja náà, ẹja fúnra rẹ̀ sì ti ṣí kúrò níbi tó ń wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹyẹ yìí bá ń pààrọ̀ ìyẹ́, kò lè wọ omi fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta; ọ̀rá tó ti kó sára ni yóò fi gbé ẹ̀mí ró. Èyí tí kò rí ẹja jẹ yó ṣáájú, ebi ni yóò pa á kú. Lọ́dún 2024 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun; tọkọtaya tó ń yé ẹyin kò tó 10,000 mọ́. Ṣé irú ọ̀rọ̀ báyìí ló yẹ kí ẹ fi àwòrán ẹyẹ mìíràn dípò?

Èyí tó dùn mí jù ni ti owó. Ìpolówó yín ní ẹ ó sọ iye tó dé ọ̀dọ̀ àwọn olùtọ́jú àti ibi tí wọ́n wà. Mo kọ̀wé béèrè, ìdúpẹ́ àti ìpolówó ọmọláńgidi pẹ́ńgúìnì ni mo rí gbà. Àpótí tí pẹ́ńgúìnì lè fi ṣe ìtẹ́ ni àwọn ọmọ ń rò pé àwọn ń rà, nítorí mo ti kọ́ wọn pé ìgbẹ́ ẹyẹ tó ti pọ̀ gègèrè, tí pẹ́ńgúìnì ń gbẹ́ ìtẹ́ sí, ni àwọn èèyàn ti kó tán fi ṣe ajílẹ̀. Láìpẹ́ yìí ẹ tún yọ owó míì nínú àkáùntì mi láìgba àṣẹ.

Ẹ dá owó tí ẹ yọ padà. Ẹ fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ tó fi iye tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹyẹ hàn, pẹ̀lú sátífíkéètì tó ní àwòrán pẹ́ńgúìnì ilẹ̀ Áfíríkà. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, màá gbé ẹjọ́ yìí lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà.

Èmi ni,
Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, lórúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi.