Ẹ Wọn Ibùsùn Yín Nílé Kí Ẹ Tó Ra Aṣọ Rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó fẹ́ lọ kí ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ti ń múra, ọjà ilé sì wà lára ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí síwájú wọn, torí ó ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń ná owó ribiribi sórí aṣọ ibùsùn àti ohun ìdáná tó jẹ́ pé inú páálí ni wọ́n máa gbó sí. Ọjà náà dára. Kò bá ilé wa mu ni.

Aṣọ ibùsùn ni wọ́n ń ṣì rà jù. Ibùsùn tó pọ̀ nílé wa ni 6-by-6, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà níbùú, mẹ́fà lóòró, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 183 lọ́nà méjèèjì. Ìwọ̀n tiwọn lọ́hùn-ún yàtọ̀: "double" jẹ́ 135 níbùú, 190 lóòró; "king" jẹ́ 150 níbùú, 200 lóòró; "super king" jẹ́ 180 níbùú, 200 lóòró. Orúkọ "king" yẹn ló ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ ó fa rọ́bà rẹ̀ wọ igun fóòmù kan, ẹ ó lọ sí igun kejì, kò ní débẹ̀ rárá, torí ìbú rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 33 dín sí ti fóòmù yín. "Super king" sún mọ́ ọn, àmọ́ gígùn rẹ̀ fi 17 lé, yóò máa ká jọ níbi ẹsẹ̀ ní gbogbo òru.

Fún 6-by-6, ẹ fi oní-rọ́bà sílẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ "flat" sí lára ni kí ẹ mú, ti super king, kí nọ́ńbà méjèèjì tó wà lára ọ̀rá rẹ̀ má dín ní 260. Ìyẹn á bo fóòmù oníńṣì 10, á tún ṣẹ́ kù tí ẹ ó fi ká a sábẹ́. Bó bá jẹ́ rọ́bà lẹ fẹ́, télọ̀ àdúgbò lè ràn án sí i. Ẹni tó ní 4½-by-6 ló bọ́ sí i: double oní-rọ́bà máa wọ tirẹ̀, àfi kó wo bí igun aṣọ náà ṣe jìn tó. Fóòmù oníńṣì 12 ga tó sẹ̀ǹtímítà 30; aṣọ tó jìn ní 25 kò lè bò ó dé ìdí.

Dúfè ńkọ́? Nọ́ńbà "tog" tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe ń mú ooru tó. 10.5 àti 13.5 wà fún ìgbà òtútù tiwọn. Lọ́dọ̀ wa níbí, 4.5 ti tó, kódà fún ẹni tó ń tan ẹ̀rọ amúlétutù sùn.

Ní ti iná mànàmáná, tiwọn àti tiwa bára mu: fóltì 230, 50 Hz, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà. Wáàtì ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ yí ìdí kẹ́tù oníná sókè kí ẹ tó sanwó; púpọ̀ nínú tiwọn ń jẹ wáàtì 3000. Ínfátà 1.5 kVA á kígbe, á kú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" kò tilẹ̀ ní gbé e rárá. Kẹ́tù kékeré ti arìnrìn-àjò wà tí kò ju 1000 lọ.

Àwọn mìíràn ń gbé sítóòfù gáàsì orí tábìlì bọ̀. Gáàsì tó ń gba páìpù wọ ilé wọn kì í ṣe irú èyí tó wà nínú sílíńdà wa, ihò tí tiwọn ń gbà jáde sì fẹ̀ ju ohun tí tiwa nílò lọ. Bí ẹ kò bá pààrọ̀ rẹ̀, iná á ga, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú dípò kó dà bí aró, ìdí ìkòkò á dúdú kirikiri. Ọ̀pọ̀ sítóòfù ló ní ihò ti sílíńdà nínú ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n fi sínú páálí, tí wọ́n kọ LPG sí lára. Ẹ tú páálí wò níwájú ẹni tó tà á. Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín o, ẹni tó ń tún sítóòfù gáàsì ṣe ni kó ṣe é.

Ẹ dákun, ẹ má gbàgbé ìwọ̀n ẹrù. 23 kílò ni púpọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń gbà fún àpótí kan, àpótí òfìfo sì lè jẹ 4 tàbí 5 nínú rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde á mú dúfè tẹ́ pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n kò dín ìwúwo rẹ̀ kù rárá. Ẹ gbé abọ́ tánganran dúró lórí etí bí ìwé, kí ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì sáàárín wọn. Bí ẹ bá tò wọ́n lé ara wọn, ti ìsàlẹ̀ ni ìwúwo máa là. Ọ̀bẹ àti abẹ bẹ̀lẹ́ńdà máa lọ sínú àpótí, páwà báǹkì máa wà nínú báàgì ọwọ́.

Ẹ má fi ọjà ńlá sí ọjọ́ Àìkú. Òfin ilẹ̀ England kò gbà kí ṣọ́ọ̀bù ńlá ṣí ju wákàtí 6 lọ lọ́jọ́ náà, láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ẹ má sì fọkàn sí owó VAT tí wọ́n máa ń dá padà fún àlejò ní pápákọ̀ òfurufú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni wọ́n ti fòpin sí i níbẹ̀, àfi bí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ bá fi ẹrù náà ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Iye tí ẹ rí lára ọjà ni ẹ ó san.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.