Ó Yẹ Kí Àjọ Wa Bá Àsìkò Ìkórè Mu

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lójú ìwé ìlera yín lórí bí ènìyàn ṣe lè máa jẹ oúnjẹ aṣaralóore nínú ilé láìná owó rẹpẹtẹ. Mo dúpẹ́ pé ẹ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nítorí kò sí ilé tí kò kàn lákòókò yìí. Àmọ́ àwọn oúnjẹ tí òǹkọ̀wé yín tò sílẹ̀, ìyẹn óòtì, ápù, òróró ólífì àti mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá inú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń gba owó oṣù kékeré lè máa rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ìbàdàn, ọmọ mẹ́rin ni mo sì ń bọ́. Èrò tèmi ni pé a lè jẹ oúnjẹ gidi nílé kí owó ọwọ́ wa sì ká a, bí a bá ń ra oúnjẹ nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà, tí a sì tún ọ̀nà tí a ń gbà dá àjọ ṣe.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí iye náírà sì já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, owó ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ bọ̀ láti Òkè Ọya ti lọ sókè, owó oúnjẹ náà sì gùn ún lẹ́yìn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti irú àkókò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ di 70,000 náírà, kí ọdún náà sì tó parí, owó yìí kò ra àpò ìrẹsì oníkílò 50 kan ní ọ̀pọ̀ ọjà. Òótọ́ ni pé ọ̀wọ́n náà rọ̀ díẹ̀ ní 2025, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ sọ́jà mọ̀ pé nǹkan kò tíì padà sí bó ṣe wà.

Ohun tí mo ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé ni pé bí owó bá ti dín, ìrẹsì, gààrí àti ẹ̀bà la máa ń rí i dájú pé a ní, a ó wá fọwọ́ dín ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ kù. Ọmọ á yó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò rí ohun tó máa fi dàgbà. Bí ó bá jẹ́ pé nǹkan kan la gbọ́dọ̀ dín kù, ìrẹsì ni kí a dín, kí a sì fi owó rẹ̀ kún ti ẹ̀wà.

Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, purotéènì ibẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń mú ara dàgbà, máa ń tó gíráàmù 20 sí 25, èyí tó ju ìlọ́po méjì ti ìrẹsì lọ. Ohun tí kò tó nínú purotéènì ẹ̀wà, ó wà nínú àgbàdo, ohun tí àgbàdo kò sì ní tó, ẹ̀wà ní in. Ìdí nìyí tí àdàlú, àkàrà òun ẹ̀kọ, àti mọ́ínmọ́ín òun ẹ̀kọ fi jẹ́ oúnjẹ tó pé fún ọmọdé àti àgbà kí dókítà kankan tó sọ ọ́ fún wa. Gbẹ̀gìrì tí àwa ará Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ń bu lé àmàlà náà, ẹ̀wà ni. Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀wà ti di oúnjẹ olówó, n kò sì ní bá a jiyàn, nítorí bó ṣe gbówó lórí ní 2024 ba gbogbo wa lẹ́rù. Ṣùgbọ́n kì í wọ́n bákan náà yípo ọdún. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kìíní, nígbà tí ẹ̀wà tuntun bá ń wọlé láti Òkè Ọya, ló máa ń rọjú. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, nígbà tí ti àtijọ́ ń tán lọ, ló máa ń wọ́n jù.

Ọgbọ́n wà nínú rírà rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn níbí, mo ti rí kóńgò tí wọ́n fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, tó fi jẹ́ pé òkìtì tí ìyá ọlọ́jà rọ sórí rẹ̀ kò ju ohun tí ìdí kóńgò ti jẹ lọ. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ni kí ẹ ti rọra sọ pé, «Ẹ má bínú, ìyá, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan inú rẹ̀ ná.» Ẹni tí kóńgò rẹ̀ pé kò ní bínú. Ti kòkòrò kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Àwọn kan nínú àwọn oníṣòwò ń fọ́n oògùn apakòkòrò sínú ẹ̀wà, èyí tí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀, nítorí náà ẹ̀wà tí kòkòrò ti lu díẹ̀ kò bà mí lẹ́rù tó èyí tí òórùn oògùn ń jáde lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé e délé, ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa, pàápàá bó bá jẹ́ ẹ̀wà tuntun, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó sì gbẹ, kó kún dé ọrùn, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, á sì kú. Ẹ kàn má ṣe máa ṣí i lójoojúmọ́; ẹ yọ èyí tí ẹ máa jẹ lóṣù kan sọ́tọ̀.

Ibi tí àjọ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí, nítorí mo mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kò lè dá ra àpò ẹ̀wà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn obìnrin máa ń dá àjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọn ó sì kó o nínú oṣù Kejìlá láti fi ra màlúù, ìrẹsì àti òróró tí wọn yóò pín. Gbogbo ìlú ló ń wá ọjà kan náà lọ́sẹ̀ kan náà, ìyá ọlọ́jà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò ní kí a má ṣọdún o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a pín àjọ náà sí méjì tàbí mẹ́ta. Kí a kó apá kan nínú oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin, nígbà tí ọ̀pẹ ń so dáadáa tí epo pupa sì pọ̀, kí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ ra epo lọ́pọ̀ kí wọ́n sì pín in. Kí a kó apá kejì nínú oṣù Kọkànlá fún ẹ̀wà. Èyí tó bá kù ni kí a fi ṣe ọdún, bí màlúù bá tilẹ̀ kéré sí ti àtẹ̀yìnwá.

Tòmátì náà ní ìgbà tirẹ̀. Ó máa ń pọ̀ rẹpẹtẹ ní ọjà Sáṣá n'Íbàdàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń wọ́n bí ojú láàárín oṣù Karùn-ún sí Ìkeje. Nígbà tó bá wọ́n, kò sí ohun tó fi dandan lé e pé kó wà nínú gbogbo ọbẹ̀: ẹ̀gúsí, ilá alásèpọ̀ àti ewédú kò bèèrè tòmátì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti ẹ̀fọ́, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ṣì wà lára ohun tó dín owó jù lọ́jà, ẹni tó bá sì ní àpò ìrẹsì tó ti gbó àti erùpẹ̀ díẹ̀ lè gbin tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìn ilé, kí ó sì máa já a láàárín oṣù kan ààbọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ní ti ẹja, ṣawa kékeré tí a sè títí egungun rẹ̀ fi rọ̀ dára fún eegun ọmọ ju ègé ẹran tí ẹni mẹ́fà ń pín lọ. Pọ̀nmọ́ ń kọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n purotéènì inú rẹ̀ kò pé, owó rẹ̀ kò sì tún kéré mọ́, ẹnu nìkan la ń ná an fún. Kúùbù tí a ń rún sínú ọbẹ̀ ní mẹ́ta mẹ́rin, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5. Ẹ jẹ́ kí irú ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, gáàsì tàbí èédú tí ẹ máa fi sè é á dín kù dáadáa.

Ọ̀gá Olóòtú, ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín. Àjọ NBS a máa gbé iye owó oúnjẹ jáde, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kílò ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé kóńgò, rọ́bà péńtì àti kẹ́ẹ̀gì la fi ń rajà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà igun kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ máa tẹ iye tí wọ́n ń ta kóńgò ẹ̀wà, gààrí àti ìrẹsì, àti kẹ́ẹ̀gì epo, ní Bódìjà, ní Mile 12 l'Ékòó, àti ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, kí ẹ sì fi iye tó jẹ́ lóṣù tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá lè bẹ̀rẹ̀ kí oṣù Kọkànlá tó wọlé, yóò wúlò fún àwa tí a ń dá àjọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin,
Mọníyà, Ìbàdàn.