Lẹ́tà sí Àkànní lórí inú tí ń ta á lóru

Ọ̀ṣogbo,
Ọjọ́ Àìkú.

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin agùnbánirọ̀ tí ẹ jọ ń gbé. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí o ti pè mí pé inú ń ta ọ́ lóru, pé bí o bá ti jẹ búrẹ́dì díẹ̀ ó máa ń rọlẹ̀, pé ọ̀rẹ́ rẹ sì ti fún ọ ní oògùn ara ríro kí o máa fi pa á, ọkàn mi kò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a lè sọ tán lórí fóònù, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè kà á lẹ́ẹ̀mejì.

O ní ebi ló fà á, nítorí pé ẹ kì í jẹun àárọ̀ kí ẹ tó lọ sí ilé ìwé tí ẹ ti ń kọ́ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ilé wa, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní inú ń ta òun, "máa jẹun lásìkò" ni gbogbo ìmọ̀ràn tí à ń gbà á. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n kò tó, àìtó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi.

Jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ oúnjẹ láti ẹnu, kí o lè rí ibi tí inú títa náà ti ń wá. Bí o bá fi iṣu sísè sẹ́nu, tí o kò tètè gbé e mì, tí o ń rún un lárúntúnrún, wàá rí i pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn bí ẹni pé wọ́n fi ṣúgà sí i. Itọ́ ẹnu rẹ ni ó ti ń sọ ọ́ di ṣúgà. Àwa tí a ń gbé òkèlè mì láìrún un kì í fún itọ́ láyè tó láti ṣe iṣẹ́ yìí, ìfun ni ó ń bá wa parí rẹ̀ nísàlẹ̀. Láti ọ̀fun, iṣan ni ó ń fún oúnjẹ náà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé inú àpòlúkù, níbi tí yóò wà fún bíi wákàtí 2 sí 4, tí àpòlúkù yóò máa pò ó mọ́ ásíìdì. Ásíìdì yìí le débi pé ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tí a bá oúnjẹ gbé mì, ó sì ń mú kí ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Wàá bi mí pé, ṣé àpòlúkù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹran ni, kí ló dé tí ásíìdì náà kò fi jẹ ẹ́? Ikun kan wà tí ó bo inú rẹ̀ yíká, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, òun ni ó ń dáàbò bo ẹran náà. Ibi tí ikun yìí bá ti fẹ́lẹ́ tàbí tí ó ya, ásíìdì yóò kan ẹran, yóò sì dá egbò síbẹ̀. Egbò yẹn ni à ń pè ní ọgbẹ́ inú. Ó lè wà nínú àpòlúkù, ó sì lè wà ní ẹnu ìfun kékeré tí ó tẹ̀ lé e.

Ìfun kékeré yẹn gùn tó nǹkan bí mítà 6. Ṣé o rántí bí o ṣe máa ń bá mi fọ ìfun ewúrẹ́ nígbà ọdún, tí a ń fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ yí inú rẹ̀ síta, tí o sì bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí ṣàkì fi dà bí aṣọ ìnura? Inú ìfun tiwa náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn irun rẹ̀ kéré gan-an, àwọn ni wọ́n ń fa èròjà oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Òróòro tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe ń tú ọ̀rá níbẹ̀ bí ọṣẹ ṣe ń tú epo lára àwo. Ìfun ńlá ni ó ń fa omi tó kù. Bí oúnjẹ bá sáré kọjá níbẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru ni; bí ó bá pẹ́ jù, ìgbẹ́ yóò gbẹ, ènìyàn yóò máa fi agbára tì í, ibẹ̀ sì ni jẹ̀díjẹ̀dí tí ń yọ ní ìdí ti máa ń wá. Ẹ̀fọ́ àti omi tó pọ̀ ni ó ń dènà ìyẹn ju àgbo lọ.

Mo padà sórí ọgbẹ́ inú. Ohun méjì ni ó ń fa èyí tó pọ̀ jù. Èkíní ni kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori, tí ó máa ń gbé inú ikun náà gan-an. Ọ̀pọ̀ wa ti kó o láti kékeré, kì í sì í yọ púpọ̀ nínú wa lẹ́nu. Àwọn dókítà ọmọ Australia méjì, Barry Marshall àti Robin Warren, ni wọ́n fi hàn pé òun ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall fúnra rẹ̀ gbé kòkòrò náà mu ní ọdún 1984, kò sì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ní 2005, wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀. Ohun kejì ni irú oògùn tí ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ: ibuprofen, diclofenac àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Bí wọ́n ti ń pa ìrora, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dá ohun tí ń mú kí àpòlúkù pèsè ikun dúró, àní bí o tilẹ̀ jẹun kí o tó lò ó, nítorí pé láti inú ẹ̀jẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ìdí tí gbogbo wa fi ń dá ebi lẹ́bi ni pé oúnjẹ máa ń gba ásíìdì náà mọ́ra fúngbà díẹ̀. Bí oúnjẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ásíìdì yóò tún kan egbò, ìrora yóò sì jí ènìyàn lóru. Ebi ń jẹ́ kí a mọ̀ pé egbò wà níbẹ̀. Òun kọ́ ni ó dá a.

O ṣì kéré nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi, a kò sì sọ ọ́ fún yín tán. Orúnkún ni ó ń dùn mí. Odidi ọdún méjì ni mo fi ń ra oògùn níbi kan ládùúgbò, wọn a pò ó pọ̀ fún mi sínú ọ̀rá pélébé, ẹnì kankan kò sì bi mí léèrè rí bóyá inú ń ta mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà, ó ń lẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì jọ ti tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ẹ̀fọ́ ni. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, mo ti ṣubú nídìí ààrò. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń dà nínú mi. Páìńtì mẹ́ta ni wọ́n fà sí mi lára kí ojú mi tó là.

Nítorí náà, má lo oògùn yẹn mọ́. Bí orí bá ń fọ́ ọ, parasitamọ́ọ̀lù kò ní yọ àpòlúkù rẹ lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Má fi mílíìkì pa ìrora náà, torí pé ó máa ń tù ú díẹ̀, lẹ́yìn náà ásíìdì yóò tún pọ̀ sí i. Lọ bá dókítà, kí o sì ní kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ wò fún kòkòrò náà. Má tíì bẹ̀rẹ̀ omeprazole, oògùn tí ń dín ásíìdì kù, fúnra rẹ, nítorí ó lè mú kí àyẹ̀wò náà ṣì wọ́n lọ́nà. Bí wọ́n bá rí i, oríṣi oògùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọn yóò fún ọ papọ̀, fún nǹkan bí ọjọ́ 14. Ìrora lè lọ ní ọjọ́ díẹ̀ péré. Lò ó tán, Àkànní, nítorí kòkòrò tí a pa ní àpaàpatán ni ó ń kọ́ bí a ti ń sá fún oògùn. Lẹ́yìn tí o bá ti parí rẹ̀, tí ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, padà lọ ṣe àyẹ̀wò mìíràn.

Bí o bá rí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí o bì ẹ̀jẹ̀ tàbí ohun tó dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, tàbí tí ikùn rẹ le gbagidi lójijì, má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ lóru náà.

Mo ti fi owó àyẹ̀wò ránṣẹ́ sínú àkáǹtì rẹ. Jọ̀wọ́, má fi ra nǹkan mìíràn. Pè mí lọ́jọ́ Ajé nígbà tí o bá ti kúrò ní yàrá àyẹ̀wò, n kò ní pa fóònù mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.