Lẹ́tà Ìyá sí Ọmọ Rẹ̀ Tó Wà ní Pápá Ìhìnrere

Ọmọ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ìdúró ni mo fi ka ti àkọ́kọ́, mo jókòó mo tún un kà, lẹ́yìn náà mo gbé e lé orókùn, mo fi gbàdúrà. O ní oṣù keje rèé tí o ti dé pápá iṣẹ́, pé ayọ̀ tí o gbé kúrò nílé ti gbẹ, pé àwọn èèyàn ń tilẹ̀kùn mọ́ ọ, pé bóyá Ọlọ́run kọ́ ló tiẹ̀ pè ọ́. Ó dùn mí, ọkọ mi. Mi ò ní sọ fún ọ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ lára rẹ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú lẹ́tà náà tó jọ pé ìwọ tí o kọ ọ́ kò kíyè sí. Ojú ìwé mẹ́rin lo kọ, ọ̀rọ̀ ara rẹ ló sì kún inú rẹ̀: ọkàn mi, oorun mi, ìpè mi. Àfi ìlà mẹ́fà péré ní ojú ìwé kẹta, níbi tí o ti sọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ìwọ àti ẹnìkejì rẹ lẹ́nu iṣẹ́ bá bàbá arúgbó yẹn tún òrùlé wọn ṣe, tí ọmọ-ọmọ wọn sì gbé ìwé wá pé kí o kọ́ òun ní kíkà. O sọ bí ọmọ náà ṣe ń fi ìka tọ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń yọ ahọ́n síta tó bá ń ronú. O ní ilẹ̀ ti ṣú kí ẹ tó mọ̀. Nínú ìlà mẹ́fà yẹn, o kò ráyè ro ti ara rẹ rárá. Ayọ̀ tí o ní ó sọnù nìyẹn, ọmọ mi. Ẹnu iṣẹ́ ló ti bá ọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá jókòó, tó ń yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò láràárọ̀ bóyá ayọ̀ ti dé, yóò jókòó pẹ́. O jẹ́wọ́ fún mi pé àárọ̀ mìíràn wà tí o máa ń wà lórí ibùsùn títí ara rẹ yóò fi yá sí i. Má dúró dè é mọ́. Dìde, wẹ̀, gbàdúrà, gbé ìwé èdè wọn, kọ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún kí oòrùn tó le. Kọ orúkọ gbogbo ẹni tí o bá bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kọ ohun tó ń dùn wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí o bá sọ fún wọn pé Ọjọ́bọ̀ ni o ó padà, kí Ọjọ́bọ̀ bá ọ lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Nígbà tí èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kí n tó bí ọ, ìyá àgbà kan wà tí ojú wọn ti fọ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń lọ ka Bíbélì fún wọn ní gbogbo Ọjọ́rú. Wọn kò sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé àwọn gbà gbọ́. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á fi àtàǹpàkò wá etí ìwé náà, wọ́n á sì dì í mú títí n ó fi kà á tán. Mi ò mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tó bá ti di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, inú mi á ti máa dùn. Ìròyìn oṣooṣù tí à ń kọ nígbà náà kò ní àyè fún irú wọn. Iye ẹni tó ṣe ìrìbọmi ni wọ́n ń béèrè.

O mọ̀ nípa William Carey, aránbàtà tó di míṣọ́nnárì. Ọdún 1793 ló dé Íńdíà, ìparí ọdún 1800 ló tó ṣe ìrìbọmi fún ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́. Ọdún méje! Èdè Bẹ̀ngálì ló ń kọ́ nínú ọdún wọ̀nyẹn, ìtumọ̀ ló ń ṣe, tí Májẹ̀mú Tuntun fi jáde ní èdè náà lọ́dún 1801. Nígbà tí iná jó ilé ìtẹ̀wé wọn ní ìlú Serampore, ní Íńdíà, lọ́dún 1812, tó sì jó iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ mọ́ ọn, ó padà sídìí tábìlì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bẹ́ẹ̀ náà ni Adoniram Judson, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, ní Burma (tí à ń pè ní Myanmar báyìí), tó dé ibẹ̀ lọ́dún 1813, tí kò rí ẹni kan ṣe ìrìbọmi fún títí di 1819. Ká ní iye orí ni wọ́n ń kà kí inú wọn tó dùn, wọn ì bá ti wọ ọkọ̀ padà sílé.

Tún ka Lúùkù orí kẹwàá. Àwọn àádọ́rin ọmọ-ẹ̀yìn tí Jésù rán jáde fi ayọ̀ padà wá torí pé àwọn ẹ̀mí èṣù gbọ́ tiwọn. Jésù kò bá wọn wí pé wọ́n ń yọ̀, ó kàn fi ohun tó ju ìyẹn lọ hàn wọ́n, pé a ti kọ orúkọ wọn sí ọ̀run. Ìyẹn kò lè dín kù lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣílẹ̀kùn fún ọ.

Mi ò ní kí o pa ara rẹ o. Jésù kan náà ló pe àwọn tirẹ̀ lọ síbi tó dá kí wọ́n lè sinmi díẹ̀, ó wà nínú Máàkù orí kẹfà. Bí àìsùn náà kò bá lọ, lọ rí dókítà, kí o sì sọ fún olórí yín. Má fi pamọ́ nítorí ìtìjú.

Ní ti ìpè, mi ò lè dá ọ lóhùn láti ibi tí mo wà. Fi oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn, lẹ́yìn náà ká jọ tún un sọ.

Tí o bá ń kọ̀wé padà, sọ fún mi nípa ọmọ yẹn. Ṣé ó ti lè ka orúkọ bàbá rẹ̀ àgbà? Àdúrà rẹ̀ ni mo ń gbà láràárọ̀, ṣùgbọ́n "ọmọ tó ń yọ ahọ́n" ni mo ń pè é níwájú Ọlọ́run, torí o kò kọ orúkọ rẹ̀ sí mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.