Lẹ́tà sí Àkànní: bíṣọ́ọ̀bù tó jókòó sí a7

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù ọ̀hún? Níbí, ooru ló kù tí kò tíì pa wá. Inú mi dùn pé ara ìyá àwọn ọmọ ti le.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú lórí chess tí a ń ta, "Wo ọba rẹ dáadáa", mo kọ́kọ́ rò pé o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi tí mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ ṣáájú pé bí o bá fi ẹṣin jẹ ẹṣin mi ní g3 (lẹ́tà àti nọ́ńbà la fi ń pe ilé kọ̀ọ̀kan lórí ọpọ́n), pọ́ọ̀nù f2, ọmọ kékeré iwájú, á jẹ ẹ́ padà, kò sí wàhálà! Mo to ọmọ sórí ọpọ́n, mo na ọwọ́ sí f2 pé kí n gbé e, ọwọ́ mi dúró lófuurufú. Kò ṣeé gbé. Ìyàwó mi ní, "Kí ló dé?" Mo ní kò sí nǹkan.

Ó lé ní oṣù méjì tí a ti wà lórí ayò yìí, ìgbésẹ̀ mọ́kànlá péré ló sì fi tán. Ìwọ náà lo fà á. Ìwọ lo ní ní Edinburgh tí o wà yẹn, àwọn ẹgbẹ́ chess ibẹ̀ fi lẹ́tà bá àwọn ará London ta á láti 1824 títí di 1828, wọ́n sì nà wọ́n, pé láti ibẹ̀ ni orúkọ Scotch Game, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ chess, ti jáde. O ní bí kẹ̀kẹ́ ẹṣin bá lè gbé chess láti ìlú kan dé èkejì, ímeèlì á gbé tiwa láti Ìbàdàn. A fi ọjọ́ mẹ́ta sí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a sì búra pé a ò ní bi ẹ̀rọ léèrè. Ní ICCF, ẹgbẹ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951 fún irú chess yìí, òfin gbà kí ènìyàn lo kọ̀ǹpútà, ìyẹn ni ọ̀mì fi pọ̀ lọ́wọ́ wọn bí omi òjò. Èmi àti ìwọ, orí tí Ọlọ́run fún wa la gbé wá. O kúkú rí ohun tí orí tèmi ṣe.

Jẹ́ kí n tún un tò, kí o lè bá mi wò ó (tèmi ló ṣáájú, tìrẹ ló tẹ̀ lé e; N ni ẹṣin, B ni bíṣọ́ọ̀bù, R ni rúùkù, èyí tí kò ní lẹ́tà ńlá ni pọ́ọ̀nù; x ni jíjẹ, + ni ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ìkọlù sí ọba, O-O sì ni kí ọba àti rúùkù jọ ṣípò):

1.e4 e5 2.Nf3 Nc6 3.Bc4 Bc5 4.c3 Nf6 5.d3 d6 6.O-O a6 7.Re1 Ba7 8.h3 O-O 9.Nbd2 h6 10.Nf1 Nh5 11.Ng3 Nxg3.

Àwọn ará Ítálì pè é ní Giuoco Piano, eré pẹ̀lẹ́. Èyí tí a fi pọ́ọ̀nù d3 ṣe, Pianissimo ni wọ́n ń pè é, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó jọ ayò bàbá wa, nígbà tí ọ̀ta bá ń kó ọmọ jọ sílé kan, tí kò jẹ, tí kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ. Kò sẹ́ni tó ń pariwo. Gbogbo rẹ̀ dà bí ẹni ń tún yàrá ṣe.

Nígbà tí o fa bíṣọ́ọ̀bù rẹ láti c5 lọ sí a7, mo ní ó ti sá nìyẹn. Yíyọ́ ẹkùn, ti ojo kọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Wàá rántí ọpọ́n chess oníke tí a rà nígbà tí a wà ní yunifásítì. Òun náà ni mo ṣì ń lò. Bíṣọ́ọ̀bù dúdú kan ti sọnù nínú rẹ̀ láti ọdún tí a kó kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìdérí ìgò mínírà ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù a7 rẹ gan-an ni ìdérí yìí. Ó pẹlẹbẹ, ó ti dógùn-ún létí, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n bí ohun tí ọmọdé gbàgbé síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wò ó tí n kò rí i.

Wá wo ọ̀nà rẹ̀ báyìí. Láti a7: b6 ṣófo, c5 ṣófo, d4 ṣófo, e3 ṣófo, ó di pọ́ọ̀nù f2, ẹ̀yìn f2 sì ni ọba mi wà ní g1. Pọ́ọ̀nù yẹn ò lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, torí bí ó bá yà, bíṣọ́ọ̀bù rẹ á dojú kọ ọba mi, òfin ò sì gbà á; ó ti di èyí tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ ọba. Ta ló tún kù tí ì bá ṣọ́ g3? Pọ́ọ̀nù h2. Èmi fúnra mi ni mo sì ti tì í lọ sí h3 ní ìgbésẹ̀ kẹjọ, pọ́ọ̀nù kì í sì padà sẹ́yìn. Mo gbé ẹṣin mi sí ojú ibi tí kò sí olùṣọ́ kankan, mo tún kọ̀wé sí ọ pé ibẹ̀ ní olùṣọ́.

Wàá ní h3 ló pa mí. N kò gbà. Mo nílò h3 kí bíṣọ́ọ̀bù rẹ kejì má baà wá dúró ní g4, kí ó so ẹṣin f3 mọ́ ayaba mi. Gbèsè ni h3 jẹ, èmi ni n kò rántí pé mo jẹ ẹ́.

Mo tún yẹ Nh5 rẹ wò bóyá mo lè fi ìyà jẹ ẹ́ kí n tó gbé Ng3. Nxe5, kí ẹṣin mi jẹ pọ́ọ̀nù rẹ ní e5, kọ́kọ́ wù mí, nítorí bí ẹṣin bá ti kúrò ní f3, ayaba mi ń wo ẹṣin rẹ ní h5 tààrà. Ṣùgbọ́n ìdérí ìgò yẹn náà á tún dìde: Bxf2+, bí n kò bá jẹ ẹ́ ó gba rúùkù mi, bí mo bá jẹ ẹ́ ayaba rẹ bọ́ sí h4 pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì, ó ṣọ́ ẹṣin h5, o sì gba ẹṣin mi ní e5 lẹ́yìn náà. Ọgbọọgba ni. Ṣé o rí gbogbo èyí kí o tó gbé e, àbí orí ló bá ọ ṣe é? Sọ òótọ́.

Ohun tó yẹ kí n gbé ni Be3, kí bíṣọ́ọ̀bù mi dí ọ̀nà tìrẹ, ní ìgbésẹ̀ kọkànlá yẹn gan-an. O jẹ ẹ́, mo fi ẹṣin jẹ padà, ẹṣin tìrẹ bọ́ sí f4, ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo tún gbìyànjú Be3 kan náà lẹ́yìn tí o jẹ g3, kí f2 lè gba òmìnira. Ó ti pẹ́ jù. Ìwọ lo kàn, ẹṣin rẹ á kàn rìn padà sí h5, ẹṣin mi ti lọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí: ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ro Nf1. Ng3, orí ìlà ilé epo ni mo wà, mọ́tò iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sún, mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù kí n tó tẹ gíà. Mo ti rí ẹṣin yẹn tó gba d2, f1, g3 kọjá lẹ́ẹ̀mejìlélógún, mo rò pé ó mọ ọ̀nà ilé.

Mo gbà fún ọ, ọ̀tẹ̀ yìí, ìwọ ni ọ̀ta, èmi ni ọ̀pè. Nínú èyí tó kàn, ìwọ lo ní funfun. Fi ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ ránṣẹ́ pẹ̀lú èsì lẹ́tà yìí. Bí o bá ń bọ̀ ní Kérésì, má ra bàtà fún mi mọ́. Bá mi wá bíṣọ́ọ̀bù dúdú kan, èyí tó ga díẹ̀.

Kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Àjàní