Ẹ̀sùn lórí ẹ̀rọ effects tí mo rà lọ́wọ́ yín

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ effects alálúùpù tí ẹ tà fún mi ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tó ń yí ohùn ohun èlò orin padà, tó sì ń gbà á sílẹ̀ láti máa tún un gbé jáde léraléra (lúùpù nìyẹn). Ẹ kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ọwọ́ lásán ni èèyàn ó fi máa darí gbogbo rẹ̀, pé ẹni tó ń ṣeré lójú agbo kò ní í fojú kan mẹ́nù. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo torí rẹ̀ sanwó. Kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nígbà tí àwọn olórin Robert Fripp àti Brian Eno ń fi ẹ̀rọ téèpù méjì ṣe irú eré yìí láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1979, ìwọ̀n ohùn tó ń padà sínú ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ló ń pinnu bí ohùn àtijọ́ ṣe máa pẹ́ tó. Òun náà là ń pè ní feedback lónìí. Bó bá wà ní 100 nínú 100, ohun tí mo ti ta kò ní í kú. Bí mo bá fà á wálẹ̀ díẹ̀, á máa rẹlẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan kí tuntun lè ráyè. Bí eré bá ń lọ ní ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan, báà (ìpín orin) méjì onílù mẹ́rin-mẹ́rin kò ju ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ, kò sí àyè láti máa wá feedback kiri. Níbo lẹ wá fi feedback sí? Inú mẹ́nù ni, lójú kan náà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ! Irú reverb (ohùn tó ń dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá la wà) tí a fẹ́ lò, tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn mọ́ bí eré bá ti gbóná, òun lẹ fún ní nọ́bù ńlá.

Èyí tó dójú tì mí jù ni fífò tí nọ́bù ń fò. Bí mo bá pààrọ̀ preset (ètò ohùn tí a ti tò pamọ́), ibi tí nọ́bù dúró sí àti iye tó wà nípamọ́ kì í bára mu. Ó yẹ kí ẹ̀rọ dúró títí nọ́bù yóò fi dé ibi tí iye náà wà kó tó gbà á. Tiyín kì í dúró. Mo kàn fọwọ́ ba nọ́bù delay (èyí tó ń mú kí ohùn dún padà bíi gbohùngbohùn) lójú agbo ni ariwo bá bú jáde, lúùpù sì gbà á sílẹ̀, nítorí effects ló ṣáájú rẹ̀ nínú ẹ̀rọ yín. Bí ariwo náà ṣe ń yí padà wá nìyẹn, àfi ìgbà tí mo nu gbogbo ohun tí mo ti tò jọ. Ìrù delay, ìyẹn ohùn rẹ̀ tó yẹ kó máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá máa ń já gbì bí mo bá kúrò lórí preset kan.

Òṣìṣẹ́ yín tó dá mi lóhùn ní kí n lọ ra expression pedal, ohun tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti darí ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ méjì péré ni mo ní, bọ́tìnnì lúùpù sì ti gba ọ̀kan. Ṣé torí pé kí n tún ra nǹkan míì lẹ ṣe polówó ọwọ́ lásán?

Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ dá gbogbo owó mi padà, pẹ̀lú owó tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ náà wá. Bí ẹ bá ní àtúnṣe sọ́fítíwíà tó máa gbé feedback bọ́ sórí nọ́bù iwájú, tí nọ́bù kò sì ní í fò mọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí, mo lè gbà bẹ́ẹ̀. Rìsíìtì àti fídíò ìṣẹ̀lẹ̀ náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín