Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ fi ìràwọ̀ ńlá han àwọn ọmọdé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lálẹ́ àná, ó sì hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti sú ọ. O ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ̀kọ́ kan ìràwọ̀ ní kíláàsì rẹ, pé o ti kọ 764 sínú ìwé, ìyẹn iye ìgbà tí ìràwọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Betelgeuse fi fẹ̀ ju oòrùn lọ, o ò sì mọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ṣe. Mo ní kí o jẹ́ kí n kọ̀wé sí ọ, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kọjá ọ̀rọ̀ orí fóònù.

Èmi náà ti ṣe é rí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ di tíṣà, mo to òdo sójú pátákó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn ọmọ sì ń kà á tẹ̀lé mi bí ẹni ń kọrin. Nígbà tí wọ́n kà á tán, mo bi wọ́n pé èwo ló tóbi jù, ìràwọ̀ àbí òṣùpá. Gbogbo kíláàsì pariwo pé, "Òṣùpá!" Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́ mi. Ohun tí ojú wọn ń rí ni wọ́n gbà gbọ́, nọ́ńbà ò sì lè bá ojú du ẹ̀rí.

Nítorí náà, ojú ni kí o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn àgbà wa ti bẹ̀rẹ̀: "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni." Jẹ́ kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún ọ. Kí o wá sọ fún wọn pé Àgùàlà tí wọ́n ń pè ní ajá yìí fẹ̀ ju òṣùpá lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀: ìbú òṣùpá jẹ́ 3,474 kìlómítà, ti Àgùàlà jẹ́ 12,104. Ibi tó wà ló jìn. (Sọ fún wọn pẹ̀lú pé Àgùàlà, tí òyìnbó ń pè ní Venus, kì í ṣe ìràwọ̀, plánẹ́ẹ̀tì ni, bí ayé wa yìí.) Ọmọ tó bá ti rí tírélà tó dà bí èèrà lókèèrè ní títì márosẹ̀ ti mọ ẹ̀kọ́ yìí tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kó wọn jáde lọ sí pápá bọ́ọ̀lù. Gbé ọsàn kan sí àárín gbùngbùn, èyí tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7. Oòrùn nìyẹn. Ka ìṣísẹ̀ gígùn méje àti ààbọ̀, kí o fi hóró gàrí kan sórí ìwé níbẹ̀. Ayé nìyẹn, pẹ̀lú Èkó, pẹ̀lú òkun, pẹ̀lú gbogbo wa. Má tíì sọ nǹkan kan. Jẹ́ kí wọ́n wo gàrí, kí wọ́n wo ọsàn. Hóró 109 la máa tò kó tó lè gùn tó ìbú ọsàn yẹn.

Tí o bá fẹ́, dárúkọ ìràwọ̀ Arcturus, tí yóò ga tó àgbà ọkùnrin tó nàró, àti Aldebaran, tí yóò kún yàrá kan láti ògiri dé ògiri. Má pẹ́ níbẹ̀. Betelgeuse ni kí o fi àkókò rẹ sí.

Padà sídìí ọsàn. Ní kí àwọn ọmọ tú ká sí gbogbo ìhà, kí ìwọ fúnra rẹ ka ìṣísẹ̀ gígùn 27 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dúró yí ọsàn náà ká. Gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n yí ká yẹn, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni. Bi wọ́n pé níbo ni hóró gàrí wà. Wọ́n á rí i pé inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà. Bí a bá gbé Betelgeuse sí ipò oòrùn, yóò gbé ayé mì, yóò sì gbé plánẹ́ẹ̀tì Mars mì tẹ̀ lé e. 764 tí o kọ sílẹ̀ nìyẹn. Ìgbà yìí ni kí o tó kọ ọ́ sójú pátákó, torí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Ọmọ kan á bi ọ́ pé ta ló lọ wọ̀n ọ́n. Má kọjá ìbéèrè yẹn, àbúrò mi. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1920, Albert Michelson àti Francis Pease lo awò awọ̀nàjíjìn ńlá tó wà lórí òkè Mount Wilson ní California. Wọ́n gbé ọ̀pá irin gígùn tó tó mítà 6 lé e lórí, wọ́n to dígí sí i, wọ́n sì fi ìmọ́lẹ̀ tó gba ọ̀tún àti èyí tó gba òsì wọlé ṣe ìṣirò ìbú Betelgeuse. Yàtọ̀ sí oòrùn, òun ni ìràwọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ aráyé wọ̀n. Ṣùgbọ́n máa sọ "nǹkan bíi" ṣáájú 764, torí pé Betelgeuse kò ní èèpo bí ọsàn; etí rẹ̀ ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí kùrukùru ọyẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí o dá wọn lójú pé ìràwọ̀ báyìí ló tóbi jù lọ. Fídíò orí fóònù á ní UY Scuti ni, bẹ́ẹ̀ ìṣirò tó dé lẹ́yìn ti dín in kù gan-an.

Wọ́n á tún rò pé ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ á wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ṣé o rántí bí màmá ṣe máa ń po ìyẹ̀fun pọ́fù-pọ́fù lálẹ́, tí yóò fi wú bo ẹnu abọ́? Ìyẹ̀fun ò pọ̀ sí i. Betelgeuse lè gba ọ̀kẹ́ àìmọye oòrùn sínú, síbẹ̀ ìwúwo rẹ̀ kò ju ti nǹkan bíi oòrùn 20 lọ. Ní ìpíndọ́gba, ó fẹ́lẹ́ ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Epo ìdáná àárín rẹ̀, haidirójìn, ló tán. Àárín náà ń sún kì, ó ń gbóná sí i, ìta sì ń wú, ó ń tutù, ó ń pọ́n. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tó bá wà níbẹ̀ á bá ọ ṣàlàyé pé irin pupa kò gbóná tó irin funfun.

Tí o bá sọ pé oòrùn tiwa náà á wú bẹ́ẹ̀, tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan hóró gàrí, ẹ̀rù lè ba àwọn kan. Sọ ìgbà rẹ̀ kíákíá: ó ku nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún márùn-ún. Fa ẹni tó bá ń sunkún mọ́ra.

Kí ẹ tó wọlé, bi wọ́n pé níbo ni ọsàn mìíràn wà tó súnmọ́ èyí jù. Wọ́n á nawọ́ sí ọjà. Tí ọsàn wa bá wà ní Ìsẹ́yìn, Conakry ní orílẹ̀-èdè Guinea ni ọsàn kejì wà, ìyẹn Alpha Centauri.

Iṣẹ́ àṣetiléwá wọn: láàárín oṣù Kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí wọ́n gbójú sókè gan-an, tí ọyẹ́ ò bá bo ojú ọ̀run. Ìràwọ̀ mẹ́ta á wà lórí ìlà kan, pupa kan á sì wà nítòsí wọn, ní ọ̀gangan orí wa. Òun nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n á rí ti wà lójú ọ̀nà láti nǹkan bíi 500 sí 700 ọdún sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, bi wọ́n ní ìbéèrè òṣùpá yẹn, kí o sì pè mí. Mi ò ní sùn títí màá fi gbọ́ ìdáhùn wọn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.